Ohun Tí Wọ́n Yọ Lára Ìyá Rẹ

Bọ́tìnì, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà níbẹ̀? Ṣé ọ̀gá rẹ tuntun kò le jù, ṣé yàrá tí o gbà kò jò, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí ẹ̀ka igi yóò máa ṣọ́ ìwọ náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o ń gbé. O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Àwa náà wà níbí, ara ń le díẹ̀díẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí o ti ń pe fóònù wa tí kò wọlé, tí obìnrin inú fóònù sì ń sọ fún ọ pé a ti pa á. Má bá obìnrin náà jà, òótọ́ ló ń sọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èmi ni mo pa fóònù. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ìpè tí a fi ń rí ojú ara ẹni ni ìwọ fẹ́ràn, ibi tí a sì wà lásìkò náà, ògiri rẹ̀ funfun ju tiwa lọ. Bí o bá rí ògiri náà, wàá béèrè, èmi kò sì mọ irọ́ pa. Kí o tó ka èyí tó kù, wá ibì kan jókòó sí. Ìyá rẹ wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ti ń bínú sí mi bó ṣe yẹ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n yọ kókó kan lára rẹ̀, wọ́n sì yọ ilé ọmọ mọ́ ọn. Kókó náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òpin rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ yìí kí àyà rẹ má baà já, jẹ́ kí n wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ara síkẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, kò sí télọ̀ mìíràn tó fi tépù kan ìbàdí rẹ̀ rí, èmi ni mo ń rán gbogbo ohun tó ń wọ̀, ojú lásán ni mo sì fi ń gé e. Síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú tí mo rán fún un ni síìpù rẹ̀ kọ̀ tí kò pa dé. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì, mo tú u, mo fẹ̀ ẹ́ sí i. Kò pẹ́, kò tún pa dé mọ́. Mo wá fi tépù wọn ìbàdí rẹ̀, mo di ẹ̀bi ru tépù náà, mo ra tuntun, tuntun sì sọ ohun tí àtijọ́ sọ. Ohun tó rú mi lójú ni pé ikùn nìkan ló ń tóbi. Ẹni tó bá ń sanra, apá rẹ̀ á sọ, ọrùn rẹ̀ á sọ, ṣùgbọ́n apá ìyá rẹ kò kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gan-an ń wọnú ni.

Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi píìnì di ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì náà, mo kó píìnì sẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe, ìgbà yẹn ló sọ ọ́. Ó ní òun ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní kò pọ̀, ó kàn ń yọjú, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ti ṣe díẹ̀. Mo mọ̀ pé ńṣe ló dúró de ìgbà tí píìnì kún ẹnu mi kí n má baà rí nǹkan sọ. Bọ́tìnì, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ pé èmi bàbá rẹ ló ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí ọ. Wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí láàárín èrò ní ọsibítù tó bẹ́ẹ̀ tí ìtìjú fi sú mi. Nǹkan oṣù ìyá rẹ ti dáwọ́ dúró láti ìgbà tí o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nítorí náà, nígbà tí mo yọ píìnì ẹnu mi tán, tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sọ fún un pé ó jọ pé agbára ìgbà èwe rẹ̀ ló ń padà bọ̀, mo sì kí i kú oríire. Ìyá rẹ wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ewúrẹ́ tó yà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, bí mo bá fẹ́, kí n tẹ̀ lé òun, bí n kò bá sì fẹ́, kí n kó síkẹ́ẹ̀tì òun fún òun.

Mo tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fún wa ní fọ́ọ̀mù, kíkọ rẹ̀ kò sì ṣòro fún mi àfi ibì kan tí wọ́n ti béèrè ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù lọ. Mo rò ó dáadáa, mo kọ orúkọ ìyá oníbúrẹ́dì, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá wa àti tirẹ̀, bó bá sín, àwa là ń kí i. Nọ́ọ̀sì béèrè pé kí ni ìyá oníbúrẹ́dì jẹ́ sí aláìsàn. Mo ní ògiri. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ, ó fa ilà gba orí orúkọ náà, ó bi mí pé èmi wá ńkọ́. Mo ní èmi kò sún mọ́ ọn, inú ilé kan náà ni a ń gbé.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kò ju ìwọ lọ. Ẹ̀wù funfun rẹ̀ fẹ̀ jù ú léjìká, mo ń wo ojú rírán rẹ̀ títí ìyá rẹ fi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ní sùúrù. Ó ní ìyá rẹ ṣe dáadáa tó wá. Ó ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lọ tó tún wá ń rí ẹ̀jẹ̀, bó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, kó má jókòó sílé máa wò ó, kó wá kí wọ́n bá a wo ibi tó ti ń wá. Sọ èyí fún ìyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, sọ pé dókítà ni.

Wọ́n ní kí ìyá rẹ mu omi títí yóò fi kún, kó má sì tọ̀. Mo ní ìjìyà wo nìyí, ṣùgbọ́n wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń wo inú ṣe máa ń ríran dáadáa. Wọ́n pa ohun kan tó tutù, tó ń yọ̀ bí ìpara irun, sí i níkùn, wọ́n ń fi nǹkan kékeré kan rìn lórí rẹ̀ bí ìgbà tí mo bá ń lọ aṣọ. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú tẹlifíṣọ̀n kan. Ohun tí èmi rí kò ju ojú ọ̀run ọjọ́ òjò lọ, ṣùgbọ́n dókítà fi ìka hàn mí pé àárín ìkúukùu náà ni ohun kan funfun, ó sì tóbi. Ó ní kókó ni, ara ògiri ilé ọmọ ló ti hù. Ó ní irú kókó tí àwọn obìnrin sábà máa ń ní níbẹ̀, bí wọ́n bá ti dàgbà, ńṣe ló máa ń sún kì, ìyẹn ni èyí tó ń dàgbà sí i fi gba kí a wò ó dáadáa. Ó ní bí òun ṣe wò ó, ó jọ pé ọ̀rá àti iṣan ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, pé ó wà bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà obìnrin ló máa ń ṣe, kò sì wọ́pọ̀ rárá.

Mo ní ọ̀rá kẹ̀, nínú ilé tí bọ́tà kì í dé etí búrẹ́dì. Dókítà ní kì í ṣe ọ̀rá oúnjẹ, ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, wọn kò sì tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ó wá pe àwọn dókítà kéékèèké mìíràn kí wọ́n wá wo irú rẹ̀. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dìde kí wọn, mo ń tún kọ́là mi ṣe, nítorí n kò mọ̀ pé ilé wa ní ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò kóra jọ wá wò. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé ohun tó wà lára ìyàwó mi kò wọ́pọ̀. Ìyá rẹ kọjú sí fèrèsé títí a fi délé.

Wọ́n gé bíńtín nínú awọ inú ilé ọmọ náà kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Èyí yé mi ju gbogbo ohun tó kù lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwa ṣe máa ń gé àpẹẹrẹ aṣọ lọ́wọ́ kí a tó ra odindi. Wọ́n ní ìlú mìíràn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, pé dókítà kan wà níbẹ̀ tí kì í rí aláìsàn, kìkì àwọn ohun tí wọ́n gé lára wọn ló máa ń wò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Mo kọ ìkíni ṣókí sí ìwé kékeré kan pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdáwà, ẹni tó ni èyí jẹ́ ènìyàn dáadáa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ wò ó. Nọ́ọ̀sì kò bá mi fi sí i. Ó ní obìnrin ni dókítà náà, kì í sì í ka lẹ́tà.

Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní àpẹẹrẹ náà mọ́, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Inú mi dùn, mo ti dìde, mo ti ń wá fìlà mi. Dókítà ní kí n jókòó, pé kókó náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń ti ilé ìtọ̀, òun sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n lè wo odindi rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kì í búra. Mo bi í bóyá ó rò pé ó burú. Ó ní òun rò pé kò burú. Mo ní ó dára nígbà náà, bí kò bá burú, kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹni rere ni a kì í lé. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún dókítà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fetí sí mi. Ìyá rẹ ló dá mi lóhùn. Ó ní bó ṣe àlejò rere ni o, bó ṣe àlejò burúkú ni o, àlejò tó bá ti ń ti òun bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òun, kó máa lọ. Mo ní ilé ọmọ tí wọ́n fẹ́ yọ mọ́ ọn ńkọ́, ilé tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ gbé láyé nìyẹn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi yín. Ó ní àwọn ayálégbé ti kó jáde tipẹ́, wọn kì í sì í fi owó ilé ránṣẹ́ déédéé. Ó gba bírò lọ́wọ́ dókítà, ó fọwọ́ sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi mọ ìyá rẹ. Bó bá ti ń ṣe àwàdà tó báyẹn, ẹnu rẹ̀ ló ń sáré, ọkàn rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Owó tí o fi ránṣẹ́ sí wa fún òrùlé ni a fi san án, nítorí náà má bínú bí o bá délé tí o bá abọ́ nílẹ̀ yàrá. Níbi tí wọ́n ti ń gbowó, wọ́n ki káàdì tí o fún mi bọ ẹ̀rọ kékeré kan, ọmọbìnrin ibẹ̀ sì ní kí n fi nọ́ńbà àṣírí sí i. Ìwọ lo kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà yẹn síbì kankan. N kò kọ ọ́. Mo pè é sókè ketekete kó lè gbọ́. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní kí n tètè lọ yí i padà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mi ni, kò ṣeé yí padà. Obìnrin kan níbẹ̀ ṣàdúrà fún ọ, ó ní ìwọ àti àbúrò òun jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà. Bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà náà padà láti ọ̀dọ̀ rẹ, bá mi yí i, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí n kò ní gbàgbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, nọ́ọ̀sì ní kí ìyá rẹ bọ́ yẹtí àti òrùka sílẹ̀. Yẹtí bọ́, òrùka kọ̀. Ó ti pẹ́ níka ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi sí i, ó jáde pẹ̀lú wàhálà, àpá rẹ̀ funfun níka rẹ̀ bíi pé òrùka mìíràn ló ṣì wà níbẹ̀. Ó fún mi pé kí n tọ́jú rẹ̀. Mo rò pé àpò lè jò, mo ki í bọ ìka kékeré mi, ó wọlé, kò sì jáde mọ́ títí di òní. Ó ní kí n fi í síbẹ̀, pé òun ti mọ ibi tó wà.

Wọ́n tì í lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n ní èmi kò gbọdọ̀ kọjá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti mú ẹ̀wù oníbàárà kan dání tí apá rẹ̀ ṣẹ́ kù, mo rò pé bí ọwọ́ bá dilẹ̀, orí yóò máa ro ohun tí kò yẹ. Mo ń rán an, mo ń rán an. Nígbà tí dókítà jáde tó pè mí, mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo ti rán ẹnu apá ẹ̀wù náà pa bí ẹnu àpò. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Dókítà gbé abọ́ kan jáde, ó ní bí mo bá fẹ́, kí n wò ó. Ó tó búrẹ́dì kan, wọ́n ti là á, inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bíi bọ́tà, ìlà iṣan funfun sì gba inú rẹ̀ kọjá. Kò jọ ohun búburú. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń dì í fún ènìyàn lọ sílé, ó ní rárá, ọ̀dọ̀ dókítà tó wà ní ìlú kejì ló ń lọ. Mo ní kó bá mi kí i. Nígbà tí ìyá rẹ la ojú, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá. Ó ní búrẹ́dì wà nínú báàgì òun lábẹ́ aṣọ ìnura, pé ibẹ̀ ló ti wà láti àárọ̀, pé kí ni mo ń wò.

Dídúró de èsì yẹn le ju iṣẹ́ abẹ lọ. A padà sílé, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wa. Ìyá oníbúrẹ́dì wá kí wa, ó ní ìyá ẹnì kan tí òun mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ tó wá di jẹjẹrẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní búrẹ́dì rẹ̀ ń jóná. Ọjọ́ tí a padà lọ, dókítà ka èsì náà sókè, ó sì tún un sọ fún wa ní èdè tó yé wa. Ọ̀rá àti iṣan ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe rò, kò sí jẹjẹrẹ níbì kankan nínú rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ tán, kò sì sí òògùn kankan tí ìyá rẹ tún nílò. Ìyá rẹ dúpẹ́. Ó wá béèrè bóyá omi mímu ló wà nínú ike tó wà lórí tábìlì dókítà, ó mu ún tán pátápátá, ó tún tọrọ sí i.

Ojú abẹ rẹ̀ ti ń jinná. Ẹni tó rán an mọ iṣẹ́, ojú rírán náà tẹ́jú, kò fà, mo ti sọ fún un. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń dáná, òun ló ń jókòó lórí àga tó ń sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Mo tan fóònù lánàá, mo bá ọ̀rọ̀ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Mo dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n o ò dúró gbọ́ mi, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Wọ́n ní kí a padà wá fún àyẹ̀wò, ọkọ̀ sì ti gbówó lórí, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, bí kò bá sí, má lọ yá a. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì fún ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, òwú dúdú sì ti tán. Ohun kejì kì í ṣe owó. Ìyá rẹ ló ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wàá fi sílẹ̀ sá wálé. Kò mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí, ó rò pé ìṣirò aṣọ ni mo ń ṣe. Nítorí náà, bí o bá pè, má sọ fún un pé o ti gbọ́. Béèrè bí ilé ṣe rí, kí o sì dákẹ́ díẹ̀, yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí i, ó sì ti mọ̀ ọ́n sọ, ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà nínú rẹ̀. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń tì í wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ti ẹrù lọ sọ́jà. Kí o bá a rẹ́rìn-ín níbẹ̀, má sunkún. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ẹnu ilẹ̀kùn náà, mo mọ bó ṣe ń gbọ̀n.

Ọlọ́run yóò dá ọwọ́ tìrẹ dúró gbọin. Ohun tí o bá gé kò ní kéré, ohun tí o bá rán kò ní tú, ibi tí o bá sì kàn, ilẹ̀kùn á ṣí. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fẹ́ ọ rí.